Orin Ìgbà Èwe: Kí Ló Dé Tí Kì Í Kúrò Lára Wa?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí ẹnì kan, tí ẹ kò sì fẹ́ bi í léèrè, ẹ fetí sí orin tó ń kọ sábẹ́ ètè nígbà tó bá ń fọ aṣọ, tàbí nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá a dúró sójú ọ̀nà. Ẹni tó mọ àpàlà Haruna Ishola láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ó ṣeé ṣe kó ti máa fi ọmọ-ọmọ ṣeré. Ẹni tó gbọ́ Ace ti Shina Peters tí èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra rẹ̀, ẹ wò ó dáadáa, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ẹni tó sì ń pe Gongo Aso ti 9ice ní “orin ìgbà yẹn lọ́hùn-ún”, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà ti ń rìn lọ sí ogójì, bí kò bá tíì kọjá rẹ̀.

Kí ló fà á? Kí ló dé tí ènìyàn máa gbọ́ orin fún ọgọ́ta ọdún láyé, tó fi jẹ́ pé orin ọdún mẹ́wàá péré nínú rẹ̀ ni yóò máa pè ní tòun? Ọ̀pọ̀ àgbà á ní kò sí àròyé níbẹ̀, pé orin ayé àwọn ló dùn jù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Lójú tèmi, adùn orin ní ìpín tirẹ̀, àmọ́ ọjọ́ orí tí orin náà bá wa, ibi tó ti bá wa, àti àwọn tí a jọ gbọ́ ọ ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Agbègbè Kòsọ́fẹ́ ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, láti Kétu dé Ìkòsí títí dé Mile 12, nítorí ó ṣòro kí ènìyàn rí ibòmíràn l'Ékòó tí wọ́n ti ń fi orin bọ́ ọmọ aráyé láì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí ọjọ́ orí bẹ̀rẹ̀. Ní 1989, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Morris Holbrook àti Robert Schindler, gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n ṣa orin tó ti gbajúmọ̀ ní oríṣiríṣi ọdún, wọ́n sì ní kí ọ̀dọ́ àti arúgbó gbọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú wọn, kí kálukú sọ bí ó ṣe fẹ́ràn ọ̀kọ̀ọ̀kan sí. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ tán, orin tó ń wu àwọn ènìyàn jù ni èyí tó gbòde nígbà tí wọ́n wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 23 sí 24. Èyí tó ti wà ṣáájú ìgbà náà kò mú wọn tó bẹ́ẹ̀, èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ náà kò mú wọn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbé ìṣirò yẹn wá sílé. Ẹni tí wọ́n bí ní 1949 pé ọmọ ọdún 24 ní 1973, ọdún tí Ebenezer Obey kọ ìtàn bàbá kan, ọmọ rẹ̀ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn sínú àwo. Ẹni tí wọ́n bí ní 1965 pé e ní 1989, ọdún tí Ace jáde, tí Shina Peters kó ìlù fújì àti ti Fẹlá wọ inú jùjú, tí gbogbo ilé àríyá sì dàrú. Ẹni tí wọ́n bí ní 1984 pé e ní 2008, ọdún Gongo Aso. Ẹ wò ó bí ẹni pé a bá wọn wọ̀n ọ́n. Ẹ wá bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé orin ta ló dára jù, kí ẹ sì jókòó gbọ́ àríyànjiyàn.

Ìdí kò jìnnà. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìrántí ti mọ̀ tipẹ́ pé bí ẹ bá ní kí arúgbó sọ ìtàn ayé ara rẹ̀, èyí tó máa pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá sí ọgbọ̀n. Inú àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni ohun àkọ́kọ́ pọ̀ sí. Ìgbà yẹn la kọ́kọ́ gba owó oṣù, tí a kọ́kọ́ háyà yàrá, tí a kọ́kọ́ rí ẹni tí ọkàn wa fẹ́, tí a kọ́kọ́ dá wọ mọ̀lúè lọ sí Ọ̀yìngbò láì sí ẹni tó mú wa lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, owó oṣù igba kò ní ìtàn kankan nínú mọ́. A gbà á, a ná an, ó tán. Orin tó wà lójú afẹ́fẹ́ nígbà ohun àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn ló bá wọn wọlé, kò sì bá wọn jáde mọ́. Ní 2009, Petr Janata ní yunifásítì California ní Davis fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn tó ń gbọ́ orin ìgbà èwe wọn. Ó rí i pé apá kan ní iwájú ọpọlọ ń tẹ̀lé bí orin náà ṣe ń lọ, apá kan náà yìí ló sì ń ṣiṣẹ́ bí orin bá ti rán ènìyàn létí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òun fúnra rẹ̀. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ẹnì kan lè gbàgbé orúkọ olùkọ́ rẹ̀ kó má gbàgbé orin tí wọ́n ń lù lọ́jọ́ tó jáde ìwé mẹ́wàá.

Àmọ́ ọjọ́ orí nìkan kò lè dá a ṣe. Orin gbọ́dọ̀ wọ etí lọ́pọ̀ ìgbà kó tó wọ ara, ibí yìí sì ni Kòsọ́fẹ́ ti wúlò fún àlàyé wa. Ẹni tó gbé ní Kétu ní àwọn ọdún 1980 tàbí 1990 kò yan orin tó gbọ́. Àwọn ẹlòmíràn ló bá a yàn án. Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ tan tirẹ̀ láàárọ̀. Alákásẹ́ẹ̀tì tó tẹ́ tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì gbé ṣípíkà méjì kọjú sí ọ̀nà Ìkòròdú, fújì Barrister ló sì fi ń pe oníbàárà. Dánfó tí ẹ wọ̀ ní Kollington tirẹ̀. Bí ẹ bá padà délé, ilé tí wọ́n ń pè ní face-me-I-face-you, tí yàrá mẹ́jọ kọjú síra wọn, ẹni tó ní rédíò tó tóbi jù nínú wọn ló ni etí gbogbo ilé. Bí ó bá fẹ́ràn sákárà Yusuf Olatunji, ẹ ti di onísákárà nìyẹn. Tó bá di ọjọ́ Sátidé, wọ́n á gbé kánópì dí àdúgbò, oníjùjú á sì lù ú mọ́jú. Nígbà àwẹ̀, àwọn ọmọdé á kó agolo àti ìlù kiri láti jí àwọn tó fẹ́ jẹ sààrì. Irú wéré bẹ́ẹ̀, tí a tún ń pè ní ajísààrì, ni Sikiru Ayinde Barrister ti wá kó tó di baba onífújì.

Ohun tí mo ń sọ ni pé orin tí a fẹ́ràn jù láti ìgbà èwe lè jẹ́ èyí tí a bú lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dí wa lójú oorun. Mo mọ ìyá kan ní Ìkòsí tó fi ọdún mẹ́ta bá ayálégbé ẹgbẹ́ rẹ̀ jà nítorí Fuji Garbage, àwo tí Barrister gbé jáde ní 1988. Ní báyìí, bí wọ́n bá lù ú níbi ìnáwó, òun ló máa ń kọ́kọ́ dìde.

Ó tún yẹ kí a wo ohun èlò tó gbé orin náà wá, nítorí òun náà ní ọwọ́ nínú bí a ṣe ń rántí. Nígbà tí I.K. Dairo ń gbé akọ́díọ̀nù kọ́rùn, àwo kékeré ló wà lóde, orin kan kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Nígbà tí àwo ńlá dé, ojú kan rẹ̀ gba bí ogún ìṣẹ́jú. Kí ni Obey, Sunny Ade àti àwọn onífújì ṣe? Wọn kò gé e sí wẹ́wẹ́. Wọ́n so orin mọ́ orin láì dúró, wọ́n yí ìlù padà láàárín, wọ́n ki ẹni tó yẹ kí wọ́n kì, wọ́n tún padà sí ègbè, títí ojú àwo fi tán. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó dàgbà sí àsìkò náà fi máa ń mọ ohun tó ń bọ̀ kí ó tó dé. Bí orin kan ṣe ń parí lọ, ẹnu rẹ̀ ti gbé èyí tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá lù ú fún un lónìí ní gígé, bí àwọn dí-jéè ṣe ń ṣe, inú á kọ́kọ́ bí i ná, kó tó rántí pé àríyá lòun wá.

Kásẹ́ẹ̀tì wá sọ ọ̀rọ̀ náà di ti ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá ayé rẹ̀ kò ní mọ ohun tí bírò ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. Ihò kásẹ́ẹ̀tì ní eyín wẹ́wẹ́ nínú. Bírò onígun mẹ́fà máa ń wọ̀ ọ́ rẹ́gí. A ó ti bírò bọ ihò, a ó gbé kásẹ́ẹ̀tì sókè, a ó sì máa fì í yípo títí téèpù á fi padà sí ìbẹ̀rẹ̀, nítorí bí a bá fi rédíò ká a padà, bátìrì á kú kí ọjọ́ tó kanrí. Nígbà mìíràn rédíò á jẹ téèpù. A ó rọra fà á jáde, a ó fi ìka tẹ́ ẹ, bí ó bá ti já, a ó fi bíléèdì gé ẹnu méjèèjì kó gún, a ó fi sẹ́lótéèpù tín-ín-rín lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Orin náà á tún máa lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bíi mẹ́ta ti bọ́ síbi tó ti já. Nílé tiwa, orin Ayinla Kollington kan wà tí gbogbo wa mọ̀ pẹ̀lú àlàfo yẹn. A máa ń fo ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà láì mọ̀ pé a fo ohunkóhun. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ ní pípé lórí fóònù, ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ti bà á jẹ́.

Kásẹ́ẹ̀tì púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ ayédèrú, bó bá jẹ́ òtítọ́ la fẹ́ sọ. Wọ́n rọ ọ́ láti ara òmíràn, wọ́n sì fi bébà tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá bò ó. Olórin kò rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Àwa tí à ń fi ìgbéraga sọ̀rọ̀ nípa orin ìgbà èwe wa, owó tí a san fún un kò tó nǹkan.

Ohun kan wà nínú orin tiwa tí mo rò pé ó jẹ́ kí àárò rẹ̀ lágbára ju ti ibòmíràn lọ. Orúkọ ènìyàn ló kún inú rẹ̀. Olórin àpàlà, onísákárà, oníjùjú àti onífújì, gbogbo wọn ló ń fi orin ki ènìyàn. Ní 1971, Haruna Ishola gbé àwo kan jáde tó gba ìgboro, Oroki Social Club, ẹgbẹ́ àwọn gbajúmọ̀ Òṣogbo ló sì fi kọ ọ́. Ayinla Omowura kò ṣe àwo kan kó má dárúkọ ènìyàn, ọ̀rẹ́ tàbí ọ̀tá. Oníṣòwò aṣọ, olówó kòkó, ìyá ẹgbẹ́, agbaṣẹ́ṣe tó ná owó lójú agbo, orúkọ wọn àti orúkọ ìyàwó wọn wà nínú àwo, nígbà mìíràn pẹ̀lú àdúgbò tí wọ́n ń gbé. Ẹ wá ronú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ogójì ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Olówó náà ti kú. Ọmọ rẹ̀ ti ta ilé. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. Olórin fúnra rẹ̀ ti lọ: Yusuf Olatunji ní 1978, Ayinla ní 1980 nínú ìjà ilé ọtí ní Abẹ́òkúta, Haruna Ishola ní 1983, Barrister ní 2010. Síbẹ̀ ẹ tẹ bọ́tìnì, wọ́n tún ń kí ara wọn, wọ́n tún ń ṣàdúrà ẹ̀mí gígùn fún ara wọn. Orin ìfẹ́ lásán kò lè ṣe irú èyí fún ènìyàn. Àgbà tó ń sunkún níbi àwo Ayinla, ẹ má kàn rò pé èwe rẹ̀ ló ń sunkún. Ó lè jẹ́ orúkọ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a dé inú ọjà Mile 12 báyìí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé èwe Yorùbá nìkan ló wà ní Kòsọ́fẹ́. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ tòmátì, ata àti àlùbọ́sà láti Òkè Ọya ti ń já ẹrù sílẹ̀. Alhaji tó jókòó ti apẹ̀rẹ̀ tòmátì, orin Mamman Shata, olórin Hausa tó kú ní 1999, ni èwe tirẹ̀. Rédíò kékeré tó gba mẹ́mórì ló sì fi ń gbọ́ ọ. Dan Maraya Jos, tí ohun èlò rẹ̀ kò ju kùntìgì olókùn kan ṣoṣo lọ, kọ orin odidi kan fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, àwọn tó ń tẹ̀lé dírẹ́bà láti ìlú dé ìlú. Ẹ wo ibi tí irú orin bẹ́ẹ̀ máa wúlò sí ju ibi tí wọ́n ti ń já ọkọ̀ lóru lọ. Ní ìsọ̀ kejì, ẹnì kan láti ilẹ̀ Ìgbò lè wà tó jẹ́ pé Osondi Owendi ti Osadebe, tó jáde ní 1984, ló ń mú un rántí ìgbà tó wá kọ́ṣẹ́ ọjà l'Ékòó. Ìyá Aláta tó wà láàárín wọn ní Obey tirẹ̀. Ọjà kan, afẹ́fẹ́ kan, èwe mẹ́ta. Wọ́n sì ti gbọ́ tara wọn pẹ́ débi pé Ìyá Aláta lè gbé ègbè Shata láì gbọ́ Hausa.

A lè wá dé orí ẹjọ́ tó ń fa wàhálà nínú ilé: ṣé òótọ́ ni pé orin ayé ìsinsìnyí kò ní láárí?

Ẹ rántí ohun tí wọ́n sọ nípa fújì nígbà tó ń jáde bọ̀. Orin àwọn ọmọ ìta ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé pè é. Wọ́n ní ariwo ni, wọ́n ní èébú ló pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀rí, nítorí Barrister àti Kollington kò dẹ́kun fífi àwo sọ òkò ọ̀rọ̀ sí ara wọn. Àwọn tí wọ́n sọ fún nígbà náà pé orin wọn kò ní láárí ni wọ́n di àgbà lónìí, tí àwọn náà ń wo ọmọ wọn tó ń gbọ́ orin Portable, tí wọ́n ń mi orí. Ohun mìíràn ni pé àkókò ti bá wa ṣa orin àtijọ́. Ní 1975, orin burúkú pọ̀ lóde bí ó ṣe pọ̀ lónìí. Ẹni tó kọ ọ́ kò rí ẹni rà á, àwo náà di ìdérí ìkòkò, a sì gbàgbé rẹ̀. Èyí tó kù lọ́wọ́ wa ni èyí tó dára. A wá ń fi ààyò ogójì ọdún wé gbogbo ohun tó jáde ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a sì ń pe ìyẹn ní ìdájọ́.

Ìyẹn kò ní kí n má gbà fún àwọn àgbà níbi tí wọ́n ti jàre. Ohun kan ti yí padà lóòótọ́. Agbo olórin tó ní oní-gìtá mẹ́rin, onígángan, oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti elégbè mẹ́fà, tí wọ́n ń ṣeré papọ̀ láti alẹ́ dọ́jọ́ kejì, owó rẹ̀ ti wọ́n, díẹ̀ ló sì kù. Ọmọkùnrin kan pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lè ṣe orin tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Orin ti padà sí ìṣẹ́jú mẹ́ta bíi ti ayé I.K. Dairo. Ní ogún ìṣẹ́jú, olórin ráyè pa òwe, kó túmọ̀ rẹ̀, kó fi ìtàn gbè é. Ní mẹ́ta, kò ráyè. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ Dagrin nínú C.E.O., àwo tó ṣe ní 2009 kí ikú tó mú un lọ ní 2010, kí ẹ wá sọ fún mi pé ọmọ yẹn kò gbọ́ Yorùbá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju àìní láárí lọ ni ìyapa. Ọmọ tó wà nínú bọ́ọ̀sì lónìí ti di etí rẹ̀ pa pẹ̀lú orin tó yàn fúnra rẹ̀, ẹni tó jókòó tì í kò mọ ohun tó ń gbọ́. Bí yóò bá di ọdún 2050 tí àárò orin yẹn bá sọ ọ́, ta ni yóò bá a gbe ègbè?

Síbẹ̀ orin àwọn òbí kò parun lára àwọn ọmọ, ìwádìí kan sì fi èyí hàn. Ní 2013, Carol Krumhansl ní yunifásítì Cornell àti Justin Zupnick mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n tó ọmọ ogún ọdún, wọ́n sì fi orin ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn dán wọn wò. Orin tiwọn mú wọn, ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Èyí tó yani lẹ́nu ni pé orin tó wà lóde nígbà tí àwọn òbí wọn ń ṣe ọ̀dọ́, kí wọ́n tó bí àwọn fúnra wọn, tún mú wọn gan-an. Inú ilé ni wọ́n ti gbà á.

Ẹ lè rí ìwádìí yẹn fún owó ọkọ̀ láti Ọjọ́ta sí Mile 12. Ó ṣojú mi. Dírẹ́bà ń wá ìròyìn lórí rédíò, ó ń yí i lọ yí i bọ̀, ó kan orin Obey, ó fẹ́ kọjá. Ìyá kan lórí ìjókòó ẹ̀yìn, tó gbé àpò ẹ̀fọ́ lé ẹsẹ̀, pariwo: “Dírẹ́bà, jọ̀ọ́, má tíì yí i!”

“Màmá, ṣé kò sí o?”

“Orin ìgbéyàwó mi nìyẹn. Fi í sílẹ̀ fún mi.”

“Ha, ẹ kú oríire o, Màmá. Ó yá, ẹ jó o.”

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ẹni tó gbe ègbè fún un ni kọ̀ndọ́, ọmọ tí kò lè ju ọdún méjìlélógún lọ, tó fi ọwọ́ kan rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó mọ ọ́n ju Màmá lọ. Nígbà tí ẹnì kan bi í pé níbo ló ti mọ irú orin yìí, ó ní, “Bàbá mi ò kí ń gbọ́ òmíràn.” Ó sì tún ké sí àwọn tó ń lọ sí Kétu.

Fíìmù náà ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Túndé Kèlání gbé Ayinla jáde ní 2021, àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì sí láyé nígbà tí Ọmọwúrà kú bẹ̀rẹ̀ sí í wá orin rẹ̀ kiri lórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ náà tún gbóná sí i fún ẹni tó ti kúrò nílé. Ní 1688, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní ìlú Basel, Johannes Hofer, kọ̀wé nípa àárò ilé bí àìsàn tó ń ṣe àwọn ọmọ Switzerland tó wà lẹ́yìn odi. Ní 1768, òǹkọ̀wé Rousseau kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí orin pé wọ́n fi òfin de orin àwọn darandaran láàárín àwọn ọmọ ogun Switzerland, torí pé bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á sunkún, wọ́n á sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tàbí kí wọ́n kú. Ẹ lè pè é ní àsọdùn, àmọ́ ẹ bi ọmọ Kétu tó wà ní Peckham tàbí ní Houston. Àárò méjì ló ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ti èwe àti ti ilé. Orin kan náà tí àbúrò rẹ̀ ní Alápẹ̀rẹ̀ ń gbọ́ láì wo ẹ̀yìn lè mú kí òun páàkì mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìlò kan kún un, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló ní bàbá tàbí ìyá tí ìrántí ti ń fi sílẹ̀. Ní 2015, àwọn olùwádìí ní Leipzig ní Jámánì gbé e jáde pé apá ọpọlọ tó ń tọ́jú orin tó ti pẹ́ létí ènìyàn wà lára èyí tí àrùn Alzheimer máa ń pẹ́ kó tó bà jẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ti ń ṣi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè ṣì lè kọ orin dé ìparí. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ wo ọdún tí wọ́n bí wọn, ẹ fi 15 kún un, ẹ sì tún fi 25 kún un. Orin tó wà láàárín ọdún méjèèjì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bí ó bá jẹ́ 1948 ni wọ́n bí ìyá yín, 1963 sí 1973 lẹ ń wá nìyẹn. I.K. Dairo gba oyè MBE ní 1963, Haruna Ishola ṣe Oroki Social Club ní 1971, Obey àti Sunny Ade sì ń gòkè bọ̀ láàárín rẹ̀. Ẹ bi àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn léèrè orin tí wọ́n ń lù nílé, kí ẹ má ṣe fi ti gbogbogbòò tàn wọ́n. Àwọn tó ń kó orin sínú mẹ́mórì fún ni ní Kétu lè bá yín wá a, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó sanwó, torí wọ́n máa ń gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kúrò, ìlù ìbẹ̀rẹ̀ yẹn gan-an sì ni arúgbó fi máa ń mọ orin. Ẹ yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sì máa wo ojú wọn. Bí wọ́n bá fajú ro, ẹ yí i sí òmíràn láì bi wọ́n ní nǹkankan: ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1968, ogun abẹ́lé wà nínú èwe tirẹ̀ náà, ó sì lè jẹ́ pé orin yẹn ló wà lórí rédíò lọ́jọ́ tí ìròyìn dé.